Àtúnlò, àlòkù, aṣeétú: èsì sí àbá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ẹ̀yin ará mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú làákàyè. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "àtúnlò", dúró fún yíyọ́ ike láti fi ṣe ike mìíràn, fún fífọ ìgò kí a tún rọ nǹkan sí i, àti fún títún fóònù ṣe kí a lè tà á lẹ́ẹ̀kejì. N kò fara mọ́ ọn. Ìgò tí a fọ̀ ṣì ni ìgò tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ike tí a yọ́ ti kúrò ní ohun tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí "àtúnlò" wà fún ìgò, kí a pe ti ike ní "àtúnyọ́", bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà kì í yọ́, tí a ó sì ní láti wá tirẹ̀ fún un.

"Tòkunbọ̀" tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò "àlòkù" kò bá a mu, nítorí ọ̀nà tí nǹkan gbà wọlé ló ń sọ. Fóònù tí ẹnì kan lò fún ọdún méjì n'Íbàdàn kò ti òkun kankan bọ̀. Wọ́n ní "àlòkù" ń tàbùkù ọjà, pé ó jọ "àjẹkù" àti "àmukù". Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí í gbé àjẹkù fún àlejò, àmọ́ "kù" inú ọ̀rọ̀ náà ń sọ pé ìlò ṣì ṣẹ́ kù, ohun tí ẹni tó ń rà á sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Ní ti "àsọdọ̀tun" tí àwọn mìíràn fẹ́ máa pe fóònù tí a tún ṣe fún títà, gíláàsì tuntun lójú fóònù kò sọ bátìrì ọlọ́dún mẹ́ta inú rẹ̀ di tuntun. "Àlòkù àtúnṣe" tó mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n wa ni orúkọ ohun tí a dìídì ṣe kí ó lè rọrùn láti tún ṣe. Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà. Ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ẹ̀yìn fóònù kan títí gúlúù fi rọ̀, ó ki ike pẹlẹbẹ bọ àárín, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bó ẹyin tí kò jinná. Gíláàsì ẹ̀yìn náà sán kó tó dé ìdajì. Ó ní, "Èyí ò ṣeé tú." Ó wá mú Nokia àtijọ́ kan, ó fi èékánná ṣí i, bátìrì sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Gbólóhùn rẹ̀ ni mo sọ di "aṣeétú", bí a ṣe ń sọ pé ẹnì kan jẹ́ aṣeéfọkàntán. Àwọn kan lè ní "tú" jọ títúká. Bẹ́ẹ̀ kọ́: onídìrí tó mọṣẹ́ mọ̀ pé irun tí òun ń dì yóò di títú, kì í sì í dì í kó má ṣeé tú. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń wọn ohun tí mò ń wí yìí: ní oṣù Kìn-ín-ní 2021 ni ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ máàkì, lórí mẹ́wàá, sára fóònù tuntun, tí ìrọ̀rùn títú rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n kà. Ní 2015, Fairphone ti Netherlands gbé fóònù jáde tí ẹni tó ni ín lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ojú rẹ̀.

Fún ìdì ọjà, ìyẹn ohun tí a ń di ọjà sí, "àdápadà" ni mo mú wá. Ìgò mínírà tó nípọn, tó ń padà sínú kéréètì, jẹ́ àdápadà, nítorí ilé iṣẹ́ ṣe é kí ó lè padà wá, oníṣòwò sì ń gba owó ìgò lọ́wọ́ ẹni tí kò mú òfìfo wá. Ìgò ọtí tí ìyá ẹlẹ́pà rọ ẹ̀pà sí jẹ́ àtúnlò, torí ọgbọ́n ìyá náà ni, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe ìgò. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ilé iṣẹ́ ni yóò gba ìyìn iṣẹ́ ẹlẹ́pà.