Ṣé igi àgbáyun yẹ fún ọgbà iwájú ilé?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ọ̀gbìn. Mo ń wá igi kékeré tí yóò bu ẹwà kún ọgbà, tí èso rẹ̀ yóò sì tún wúlò lẹ́nu. Ọkàn mi fà sí àgbáyun, nítorí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán, èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ láàárín ewé. Ṣé kóró gbígbẹ lè hù, irú ilẹ̀ wo ni igi náà sì fẹ́?

Èsì kìíní
Ẹ má ṣe wulẹ̀ gbin kóró gbígbẹ rárá. Kóró àgbáyun kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ nínú èso, nítorí náà èso tútù ni kí ẹ wá, kí ẹ fọ ara kóró náà mọ́, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba àkíyèsí jù. Ilẹ̀ kíkan ni àgbáyun ń fẹ́, èyí tí òṣùwọ̀n pH rẹ̀ (ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) wà láàárín 4.5 sí 5.8. Bí ilẹ̀ kò bá kan tó, ẹ ó rí i pé ewé tuntun ń di aláwọ̀ ìyeyè nígbà tí iṣan inú rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, nítorí pé gbòǹgbò kò rí èròjà irin fà mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da eérú sídìí rẹ̀, torí eérú a máa mú kíkan ilẹ̀ kúrò. Ewé jíjẹrà àti omi òjò ló bá a lára mu. Ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ, omi kò sì gbọdọ̀ dárogún síbẹ̀.

Èsì kejì
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ fi sùúrù kún un, nítorí ó lè tó ọdún 3 tàbí 4 kí igi tí a fi kóró gbìn tó so. Ní ti ìwúlò rẹ̀, èso náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n èròjà miraculin tó wà nínú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n, débi pé bí ẹ bá fi ẹran èso náà ra gbogbo ẹnu, tí ẹ sì wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn náà, dídùn ni yóò máa dùn. Ẹ má sè é o, iná a máa ba èròjà náà jẹ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé inú oòrùn gangan ni kí n gbìn ín sí?

Èsì kejì
Abẹ́ ìbòòji díẹ̀ ló dára fún èyí tó ṣì kéré. Bí ilẹ̀ yín kò bá kan, inú ìkòkò ńlá ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ lè ṣètò ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì lè gbé e wọlé níbi tí yìnyín bá ti ń bọ́, torí kò lè fara da òtútù.