Àbọ̀: ọ̀rọ̀ 70 àti 62.5 ti yanjú o

Ẹ̀yin ará, mo bèèrè ìdí tí SAP2000 (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò férémù ilé) fi fún mi ní mómẹ́ǹtì (ipá tó ń tẹ bíìmù) 70 kNm fún bíìmù mítà 5 tó kàn jókòó lórí òpó méjì, tó ru 20 kN/m, nígbà tí ìṣirò ọwọ́ ń sọ 62.5. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo DEAD (orúkọ ẹrù tí kì í kúrò lórí ilé, nínú SAP2000) ló mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà 1 ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, ní Self Weight Multiplier: ó ń fi ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀ kún ẹrù. Bíìmù 225 × 450 mm, kọnkéré 24 kN/m³, ìyẹn 2.43 kN/m. Mo sọ ọ́ di 0, 62.5 jáde gbáko.

Fún férémù ilé alájà méjì ti Lágéré, n'Ifẹ̀ níbí, 1 ni mo fi sílẹ̀. Mo wá yọ ìwúwo bíìmù àti òpó kúrò nínú ẹrù tí mo tẹ̀ wọlé. (Bí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mejì, onílé á kàn máa ra irin lásán ni!) Mo ti ìbéèrè yìí pa. Ẹ ṣeun.