Pickup mi ń dún tì-tì-tì láàárọ̀, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti kú

Láti Minneapolis:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Pickup V8 tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ń pariwo látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀, á máa dún tì-tì-tì lápá ọ̀tún. Bí mo bá tẹná, á yára sí i. Kí n tó dé ojú ọ̀nà ńlá, á ti dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé e lọ ní ẹ́ńjìnnì ti kú, àfi kí n ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Owó tí wọ́n pè ga ju agbára mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Láti Houston:
Àbúrò, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ mọkálíìkì kí n tó wá síbí, òun náà ni mo ṣì ń ṣe. Ìgbà tí ariwo ń dé àti ìgbà tó ń lọ ni kí o kọ́kọ́ máa ṣọ́. Èyí tí òtútù ń mú wá, tí ooru ń lé lọ, kì í sábà jẹ́ ti kọnẹ́tìngì rọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kránkì nínú ẹ́ńjìnnì. Tí bíárìn rọ́ọ̀dù bá ti jẹ, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ láti ìsàlẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì sì ṣe ń gbóná ló ń le sí i, torí ọ́ìlì ti ṣàn. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn, kó paná lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wá wọ́ mọ́tò náà lọ. Bó bá fi dandan wà á, rọ́ọ̀dù lè já, kó sì dá ẹ́ńjìnnì lu.

Ọ́ìlì ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fa ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, nù ún, tì í padà, kí o tún fà á yọ. Bó bá dín, fi kún un, kí o tún tẹ́tí. Ọ́ìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìdérí ọ́ìlì tàbí nínú ìwé mọ́tò ni kí o rà, ìbáà ṣe 5W-20 tàbí 5W-30. 20W-50 lọ̀pọ̀ wa ń lò nílé, ṣùgbọ́n nínú òtútù Minnesota ó ki jù, kò ní tètè gun òkè dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín ẹ́ńjìnnì.

Bí ọ́ìlì bá pé, manifold ẹgisọ́ọ̀sì ni ọkàn mi lọ, ìyẹn páìpù tó ń gba èéfín láti orí ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ pickup V8, irin ni manifold, alumíníọ̀mù sì ni orí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá gbóná, wọn kì í wú bákan náà. Wíwú àti sísúnkì ojoojúmọ́ yẹn ló máa ń ṣẹ́ bóòtù, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Bí bóòtù bá ti ṣẹ́, àlàfo á wà láàárín manifold àti orí ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀, èéfín á máa gba àlàfo náà jáde, tì-tì-tì. Bí irin bá gbóná tó wú, àlàfo á dí, ariwo á sì lọ. Paná, jẹ́ kó tutù, yọ ike tó bo òkè táyà iwájú lápá ọ̀tún, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí manifold ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Bí ibẹ̀ bá dú bí ìdí ìkòkò, tàbí tí bóòtù kan kò lórí mọ́, o ti rí i nìyẹn.

Láti Maryland:
Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Bọ̀dá Minneapolis, ẹ má ṣíná mọ́tò yẹn sílẹ̀ nínú gáráàjì kó lè gbóná, kódà kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Carbon monoxide kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ẹgisọ́ọ̀sì tó ń jò níwájú lè rán an wọ inú mọ́tò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ bọ́ síta kíá, kí ẹ pe 911.

Láti Atlanta:
Ẹ̀gbọ́n Houston, èmi ń ra pickup ránṣẹ́ sí Èkó. Kí ni kí n máa gbọ́ kí n tó sanwó?

Láti Houston:
Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣíná. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti mú un gbóná dè ọ́, irú ariwo bọ̀dá yìí kò ní jáde. Padà wá nígbà tó bá tutù. Lẹ́yìn náà, wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, torí òmíràn wà tó jẹ́ ìgbà yẹn ló ń dún. F-150 ti 2004 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 5.4, tó bá gbóná tó sì dúró lójú kan, tó ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bíi dííṣẹ̀lì, cam phaser, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ni kí o fura sí. Silverado 5.3 láti 2007 tó máa ń pa sílíńdà mẹ́rin nínú mẹ́jọ láti dín epo kù, lifter rẹ̀, irin kékeré tó ń bá a ṣí fáàfù, ni kí o ṣọ́: táká-táká tí kò dákẹ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù AutoZone, àwọn tó ń ta páátì mọ́tò, máa ń bá èèyàn ka kóòdù iná ẹ́ńjìnnì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kóòdù Silverado yẹn bá dárúkọ sílíńdà 1, 4, 6 tàbí 7, àwọn mẹ́rin tó máa ń pa nìyẹn, rò ó dáadáa kí o tó rà á.

Bí ohùn bá ń han gooro láti iwájú, ti bẹ́líìtì lè ni. Paná, tú u, ṣíná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, nítorí bẹ́líìtì yẹn ló sábà máa ń yí pọ́ǹpù omi. Bí ariwo bá lọ, alternator, pọ́ǹpù omi tàbí àwọn kẹ̀kẹ́ bẹ́líìtì ni.

Láti Minneapolis:
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín! Ọ́ìlì pé. Ibẹ̀ dú kirikiri, bóòtù ẹ̀yìn kò sì lórí mọ́. Ṣé mo lè fi sípánà yọ ọ́ fúnra mi?

Láti Houston:
Rárá, àbúrò, èyí tó kù nínú ihò kò ní gbà fún sípánà. Wá wẹ́dà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀. Á jó nọ́ọ̀tì mọ́ orí rẹ̀, ooru yẹn á tú u, á sì yí i jáde. Kí wọ́n má tètè fi dírílì kàn án, torí alumíníọ̀mù rọ̀, bí dírílì bá yà, ihò bà jẹ́ nìyẹn. Ní kí wọ́n fi irin gbọọrọ wo ojú manifold bóyá ó ti wọ́, kí wọ́n pààrọ̀ gáskéètì àti gbogbo bóòtù tó wà lápá yẹn. Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó tú nǹkan kan. Gbé ìwé náà síbí, ká jọ wò ó.