Èsì: "Afẹ́fẹ́" kò lè dúró fún òfurufú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o.

Mo ka orúkọ tí arákùnrin wa dá lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì kan ti ń kọ́ nípa ilẹ̀, òkun àti ohun tó wà lókè wa pa pọ̀: "Imo Aye, Okun ati Afefe". Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kò fi àmì kankan sí i. Okun ni, àbí okùn, àbí òkun? Ẹni tó ń sọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lórúkọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé máa méfò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. "Afẹ́fẹ́" ni n kò lè gbé mì.

"Fẹ́" ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì wà níbẹ̀. Ohun tó bá ń fẹ́ là ń pè ní afẹ́fẹ́. Àwọn tó ní "afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ" mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ta ló gbọ́ ọ rí pé òfurufú fẹ́? Inú òfurufú ni ẹyẹ ń fò, ibẹ̀ ni òjò ń ṣú sí, ibẹ̀ ni bàálù ń gbà. Pápákọ̀ òfurufú ni gbogbo rédíò ń sọ láàárọ̀ lálẹ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé pápákọ̀ afẹ́fẹ́.

Ẹ gbé e lọ sí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ojú ọjọ́. Olùkọ́ fẹ́ ṣàlàyé ọyẹ́ tó ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa: afẹ́fẹ́ ń gba inú òfurufú kọjá, láti ibi tó ti wúwo lọ síbi tó ti fúyẹ́. Bó bá fi ti arákùnrin wa sọ ọ́, yóò di "afẹ́fẹ́ ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá". Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀? Òfurufú sì ní ìpele. Èyí tó sún mọ́ wa jù ga tó nǹkan bíi kìlómítà 16 sí 18 lọ́dọ̀ wa nítòsí agbedeméjì ayé, kò ju bíi 8 lọ ní ìpẹ̀kun ayé níbi tí yìnyín wà. Ohun tó bá gba ààyè ló ń ní òkè àti ìsàlẹ̀ báyẹn.

Ẹnì kan ti fèsì pé afẹ́fẹ́ náà là ń mí símú. Òótọ́ ni. Nitrogen kó nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, oxygen kó 21, n kò bá a jiyàn. Ohun tó kún inú ilé nìyẹn, ilé fúnra rẹ̀ là ń wá orúkọ fún.

Ẹni tó mú "sánmà" wá, n kò kórìíra ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá, àdúrà náà tibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi sánmà sílẹ̀ fún àwọn tó ń wo ìràwọ̀.

Ó ku "Ayé". Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ yìí n'Íbàdàn àti n'Ífẹ̀, òkúta Ìdànrè, wúrà Iléṣà, òkúta ẹfun Ewékorò àti ọ̀dà ilẹ̀ Agbábù ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ nìyẹn, ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí tí àwọn bàbá wa ń júbà. Apẹja ni àwọn ará ilé ìyá mi n'Ílàjẹ. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ òkun lásán, wọ́n á wo ìgbì, wọ́n á sọ afẹ́fẹ́ tó ń tì í. Ẹ sì mọ ohun tí òkun ti ṣe fún Ayétòrò, ìlú etíkun Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947: òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ fi "ayé" rọ́pò nínú gbólóhùn yẹn, òkun á máa jayé, ìlú á sì máa rì! Ọmọ Ìlàjẹ tó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ yìí ní láti lè délé ṣàlàyé fún àwọn bàbá rẹ̀, kó má sì di ẹni tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ẹni tí kò gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ èdè má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fọ́dún mẹ́fà. Ọmọdé ló wà níwájú wọn tí wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ fún, ó sì gbọ́dọ̀ yé ọmọ náà.

"Ìmọ̀ Ilẹ̀, Òkun àti Òfurufú" ni mo fara mọ́. Lórí "ojú ọjọ́", n kò tíì gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ó tó fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "weather" àti "climate" pa pọ̀. Òjò tó rọ̀ lánàá, ojú ọjọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń fi ọgbọ̀n ọdún ṣírò kí wọ́n tó lè sọ bí òjò ibì kan ṣe máa ń rí ńkọ́? "Ọjọ́" kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ẹni tó ní ó tó kọ gbólóhùn kan tí méjèèjì ti hàn yàtọ̀ síra wọn, kó fi í ránṣẹ́ síbí.