Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti san, mi ò sì fẹ́ gbàgbé ẹ mọ́

Abẹ́sẹ̀wí:
Ẹ kú ilé o gbogbo ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín tẹ́ ẹ bá kà á tán.

Nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn mo jí lóru mo fẹ́ lọ tọ̀, mi ò tan iná torí mo ní ṣebí ilé mi ni mo mọ̀ ọ́n, àfi gbì! mo ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, èyí tó kéré jù pátápátá yẹn, gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Mi ò lè pariwo torí ọmọ ń sùn, mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo di ẹsẹ̀ mú mo ń mirí. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ ó ti wú ó ti dúdú bí èédú. Dọ́kítà ní egungun ẹ̀ ti ṣẹ́, kò sí nǹkan bàbàrà kan tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i, wọ́n fi téèpù so ó mọ́ ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ní kí n ní sùúrù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ní ìka kan níbẹ̀ yẹn o. Bàtà ò ṣeé wọ̀. Tí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn màá fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Bí mo ṣe ń gbé ara lé ẹsẹ̀ kan ṣá, ìbàdí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, gbogbo ẹ̀ nítorí ìka tí ò tó nǹkan! Alẹ́ ọjọ́ kan mo gbé e sórí itan mo ń wò ó, èékánná ẹ̀ kékeré báyìí tó dorí kọ ẹ̀gbẹ́, ara ẹ̀ le díẹ̀ níbi tí bàtà ti ń ha á láti ọdún yìí wá. Mo wá rò ó pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi mi ò tíì wo ìka yìí dáadáa rí, kódà tí mo bá ń gé èékánná mo máa ń fò ó ni. Ojú tì mí, ẹ gbà mí gbọ́.

Ibi tí ìbéèrè wá wà nìyí. Ó ti san. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i pé odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò rántí ẹ rárá, mo ti ń padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá ìwé kan kí n máa kọ nǹkan márùn-ún tí mo dúpẹ́ fún lálaalẹ́. Mo ṣe é o, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin mo ti ń kọ "ojú, imú, etí, ẹnu, ọwọ́" bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀yà ara, kò dé inú mi rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, báwo lèèyàn ṣe lè máa rí nǹkan tó wà lára ẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bàjẹ́?

Ẹ̀rín Kèékèé:
Máa tan iná lóru. Ọpẹ́ tí ìka yẹn fẹ́ nìyẹn 😂

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi, ìrora ìka yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, tí o bá ka méjèèjì ó di 52, bẹ́ẹ̀ gbogbo egungun àgbàlagbà ò ju 206 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn tá à ń fi bàtà dé mọ́lẹ̀.

Níbi iṣẹ́ mi, a máa ń kọ́ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ (ìtọ̀ ṣúgà) kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́, torí àìsàn yẹn lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ má mọ nǹkan lára mọ́. Bàbá kan wọlé sí wa, wọ́n bọ́ bàtà, òkúta wẹ́wẹ́ ló já bọ́ látinú ẹ̀, wọ́n ti fi rìn látàárọ̀, ó ti dá ọgbẹ́ sí wọn lára, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n ń wo òkúta yẹn bíi pé ẹlòmíì ló ni ín. Láti ọjọ́ yẹn tí n bá délé màá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, màá fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀, màá fọwọ́ la àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, títí a ó fi kan ọmọ ìka yín yẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mi ò pè é ní ọpẹ́ o, àyẹ̀wò ni mo pè é, àmọ́ tí n bá ti fọwọ́ kàn án tó sì mọ̀ pé mo fọwọ́ kan òun, inú mi máa ń dùn ṣáá ni.

Òǹwòye:
Má dá ara ẹ lẹ́bi jù jàre, kì í ṣe àìmoore. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, nǹkan tí kò bá ti yí padà kì í pẹ́ tí á fi ní òun ò gbọ́ mọ́. Aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ báyìí, ṣé o mọ̀ ọ́n lára kí n tó dárúkọ ẹ? Imú tìẹ gan-an wà níwájú ojú ẹ látàárọ̀, di ojú kan kó o rí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé márùn-ún yẹn fi sú ẹ, nǹkan kan náà lò ń kọ lálẹ́ kan náà ní ibì kan náà, ọpọlọ ti kọ etí ikún sí i.

Tèmi ni pé kó o yí nǹkan padà díẹ̀. Fi ọwọ́ tó ò fi ń ṣe nǹkan fọ eyín lọ́la. Di ògiri mú kó o dúró lórí ẹsẹ̀ kan (èyí tí ò ṣẹ́ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ o), wàá rí bí àwọn ìka yẹn á ṣe máa fún ilẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n á máa tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún kó o má bàa ṣubú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ìwọ lo ò wà ńbẹ̀.

Aránṣọ Kàn-ń-kàn:
Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ẹni òkè yìí sọ wọ̀ mí lára. Ọ̀tún ni mo fi ń gé aṣọ, ọ̀tún ni gbogbo èèyàn ń yìn, "ọwọ́ ẹ mọ́ o". Àfi ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún mi ní ìka ìfábẹ̀lá òsì. Mo ní kò séwu, ọ̀tún ṣáà wà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mi ò lè ran ìlà kan kó tọ́! Òsì yẹn ló ń darí aṣọ, òun ló ń na án, òun ló ń mọ̀ tí aṣọ bá fẹ́ ká jọ kí ojú mi tó rí i. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ó dáa, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo wọ̀ lọ sílé baba mi òun ló bá mi rán an. Ní báyìí tí n bá ti parí aṣọ kan màá fi ọ̀tún fún un mọ́ra díẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rí mi 😅

Ẹ̀yìn Ríro:
Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ tinú mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí, tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi inú máa ń bí mi. Ẹ̀yìn tèmi ò ṣeé gbàgbé, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ló ń dárúkọ ara ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lè gbàgbé ẹ̀yà ara yín fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé ìgbádùn nìyẹn?

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé tó bá le gan-an lóru, màá wá ibi tí ò dùn mí. Ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ etí níbi tó ti rọ̀ yẹn, màá fi ìka méjì mú un, ó rọ̀, ó tutù, kò ní ẹjọ́ kankan lọ́dọ̀ mi. Màá wà pẹ̀lú ẹ̀ báyẹn. Ẹ̀yìn ò ní torí ẹ̀ san, àmọ́ mo máa ń rántí pé èmi kọ́ ni ẹ̀yìn nìkan.

Abẹ́sẹ̀wí:
@Ẹ̀yìn Ríro ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò rò ó dé ibẹ̀ yẹn rárá. Mo ti fọwọ́ kan etí mi báyìí bí mo ṣe ń kà á. Ó tutù lóòótọ́.

Ìyá Méjì:
Ẹ̀yin ń sọ ti ara, ó dáa, ṣùgbọ́n ìwà náà wà ńbẹ̀ o tá a máa ń fò bí èékánná. Èmi ò rí nǹkan kan tó dáa nínú ìwà mi, mo máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn ọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn ní mo lọ́ra. Ọjọ́ kan ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, kàn sọ láìròtẹ́lẹ̀ pé "mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó wọlé". Mi ò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀! Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lówó. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ní nǹkan kan tẹ́ ẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀, wọ́n lè kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ híhanrun fún yín o, ẹ ní sùúrù, òmíràn á tẹ̀lé e.

Abẹ́sẹ̀wí:
Ọ̀sẹ̀ kan rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo ti gbé ìwé yẹn sọnù. Ti nọ́ọ̀sì ni mo mú, àmọ́ àárọ̀ ni mo ń ṣe é kì í ṣe alẹ́, kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà màá fọwọ́ gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọjá. Lánàá mo gbàgbé, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí, mo padà bọ́ bàtà. Ọmọ mi bi mí pé kí ni mò ń wá, mo ní mò ń kí wọn, òun náà bá jókòó ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí tiẹ̀, ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ, a sì pẹ́ níbi tá à ń lọ. Mi ò tíì bèèrè ti ìwà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ń bà mí.

@Ẹ̀rín Kèékèé mo ti ra iná kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.