Orúkọ wo ló yẹ iṣẹ́ Nnedi Okorafor?

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, lédè Yorùbá, ká pe ìwé Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé àròsọ, ní «ìtàn ọjọ́ iwájú Áfíríkà», kí èyí tí awo bá wà nínú rẹ̀ jẹ́ «ìtàn idán». Èkíní kò tíì tó. Èkejì, n kò fara mọ́ ọn rárá.

Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní 1974. Ọmọ Igbo làwọn òbí rẹ̀. Eléré tẹ́níìsì ni, àfìgbà tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ fúngbà díẹ̀ lọ́mọ ọdún 19. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Ní 2019 ló ṣàlàyé pé iṣẹ́ òun kì í ṣe Afrofuturism (àròsọ ọjọ́ iwájú àwọn aláwọ̀ dúdú, pàápàá ti Amẹ́ríkà), Africanfuturism (èyí tó fìdí múlẹ̀ ní Áfíríkà fúnra rẹ̀) ni. Ó fi Wakanda, orílẹ̀-èdè Áfíríkà inú fíìmù Black Panther, ṣe àpẹẹrẹ: bí Wakanda bá kọ́kọ́ dá ibùdó sílẹ̀ sí Oakland ní Amẹ́ríkà, Afrofuturism nìyẹn, bó bá jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà tó múlé tì í ni, Africanfuturism ni. Àbá kìíní kó méjèèjì pọ̀. Okorafor tún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Africanfuturism, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ Áfíríkà kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Èmi dábàá «àròọ̀la-Áfíríkà»: à, rò, ọ̀la, bí a ṣe ṣẹ̀dá àròsọ àti àròkọ. Afrofuturism á jẹ́ «àròọ̀la aláwọ̀ dúdú». «Adúláwọ̀» kò ní ṣeé lò, torí ilẹ̀ adúláwọ̀ ni Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ẹ má sì pa fáwẹ̀lì jẹ o: bí ẹ bá kọ «arola» láìsí àmì ohùn, ọlá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kà níbẹ̀.

Idán ńkọ́? Ohun tí onídán fi ń tanni lójú ni. Africanjujuism, tó wà nínú àlàyé kan náà, ohun tó ń sọ ni pé ìgbàgbọ́ tó wà lóòótọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n pò mọ́ àròsọ. Ẹni tó bá pè é ní idán ti sọ ìgbàgbọ́ ẹlòmíì di ẹ̀tàn. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní «jùjú», orin Sunny Adé ló máa wá sí wa lọ́kàn. «Àròsọ ìṣẹ̀ṣe» ló bá a mu jù. Ibẹ̀ ni màá to Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà (1938) sí láìṣiyèméjì.

Lagoon (2014), ìwé Okorafor, ló máa fa àríyànjiyàn. Àwọn àlejò ojú ọ̀run bọ́ sínú òkun Èkó létí Bar Beach, Ijele, eégún ńlá àwọn Igbo, náà sì yọ síta. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ kọ sí i lára: Okorafor fúnra rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní méjèèjì nínú àlàyé yẹn.