Èsì lórí "ọ̀nà ikú": "ìsọ̀rí ikú" ló yẹ ká pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú ní ká pe ohun tí dókítà tó ń yẹ òkú wò máa ń kọ tẹ̀ lé okùnfà ikú, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "manner of death" (ìyẹn bóyá àìsàn, ìjàǹbá tàbí ọwọ́ èèyàn ni), ní "ọ̀nà ikú". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n ò fara mọ́ ọn. Ẹ bi ará Ẹ̀pẹ́ pé ọ̀nà wo ni lágbájá gbà kú, yóò ní omi ló gbé e lọ. Okùnfà ṣì nìyẹn.

Ẹ wo òkú tí àwọn apẹja fà jáde nínú ọ̀sà, lẹ́bàá ọjà Olúwo. Ìfófòó funfun wà ní imú, omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà lè kọ ọ́ pé omi ló pa á. Ṣé ó yọ̀ ṣubú nínú ọkọ̀ ni? Ṣé ó bẹ́ sómi fúnra rẹ̀ ni, àbí wọ́n tì í? Ìfófòó ò lè sọ ìyẹn. Àpá okùn lọ́rùn ọwọ́, ohun tí ọlọ́kọ̀ rí àti ohun tó wà nínú fóònù olóògbé ni wọn yóò fi tú u. Bó bá sì ti pẹ́ lómi tó ti wú, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kọ "àìlèsọ". Márùn-ún ni wọ́n ń pín in sí: àìsàn, ìjàǹbá, ìpara-ẹni, ọwọ́ ẹlòmíràn, àìlèsọ. A kúkú ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ nínú gírámà. "Ìsọ̀rí ikú" bá a mu.

"Àfọwọ́fà" tí ẹnì kan dá lábàá fún ìpara-ẹni ò lè ṣiṣẹ́. Ọlọ́kadà tó ń gba wọnwéè tí tírélà pa, àfọwọ́fà la máa pè é, ìjàǹbá sì ni dókítà yóò kọ.

Ní ti ikú ọwọ́ ẹlòmíràn, "ìpànìyàn" ti wúwo jù. Onílé tó yìnbọn pa adigunjalè tó já wọlé, ikú ọwọ́ ẹlòmíràn ni dókítà yóò kọ. Bóyá onílé jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ló ni ìyẹn. Ẹ kọ "ìpànìyàn" síbẹ̀, àdúgbò á ti dá a lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó.

Ẹni tó ní ká máa pe májísíréètì tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 ní kó wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀ ní "kọ́rónà" ("coroner" ti Gẹ̀ẹ́sì), ṣé ẹ ti gbàgbé àrùn kòrónà ọdún 2020 ni? Gbogbo ọjà á sáré wá ìbòmú. "Adájọ́ olùwádìí ikú" tó.

"Àìlèsọ" nìkan ni kò tíì dán lẹ́nu mi. Ta ló ní èyí tó sàn jù?